Adam Smith Tí Wọ́n Kọ́ Wa àti Adam Smith Tó Kọ̀wé

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé léèrè ohun tí Adam Smith sọ. Kò ní ronú púpọ̀ kó tó dáhùn: ọwọ́ tí a kò rí. Yóò ní ọkùnrin náà sọ pé kí kálukú máa lé èrè tirẹ̀, kí ìjọba kọ́wọ́ kúrò ńbẹ̀, ọjà fúnra rẹ̀ yóò sì tún ayé ṣe. Ohun tó wà nínú nóòtì nìyẹn, òun náà la sì ń kọ sínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń tú ìwé ọkùnrin yìí palẹ̀ lákọ̀tun, Smith tí wọ́n bá níbẹ̀ kò sì jọ Smith inú nóòtì wa.

Ẹ má ṣe sọ pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó ará Scotland tó ti kú láti 1790. Ní 1986, ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP dé. Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Ní àárín oṣù Kẹfà tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Ní ìgbà méjèèjì, èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọjà gbọ́n ju ìjọba lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wá baba ńlá fún èrò yẹn, Smith ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí lórí owó ọkọ̀ wa àti owó oúnjẹ wa, ó yẹ ká mọ ohun tó sọ gan-an.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró wò ó kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ká bọ́ọ́lẹ̀ ní Ọbaníkòró, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ká wá gba inú Ṣómólú lọ sí Bárígà. Ohun tí Smith kọ, rere rẹ̀ àti ibi tó kù sí, pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn.

Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀

Ìlú Kirkcaldy ni wọ́n ti bí i. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 5 oṣù Kẹfà 1723. Baba rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i, ìyá rẹ̀, Margaret Douglas, ló tọ́ ọ dàgbà. Ní 1752 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ìwà ní Yunifásítì Glasgow. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ẹ̀kọ́ ìwà ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Theory of Moral Sentiments, jáde ní 1759, ó sì dá lórí bí ọmọ ènìyàn ṣe ń mọ rere yàtọ̀ sí búburú. The Wealth of Nations tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jáde ní 9 oṣù Kẹta 1776. Lẹ́yìn èyí ó padà sí ìwé àkọ́kọ́, ó tún un ṣe, ó fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un, àtẹ̀jáde kẹfà sì jáde ní 1790, ọdún tí ọlọ́jọ́ dé. Ìwé ìwà ló fi bẹ̀rẹ̀, ìwé ìwà ló fi parí.

Láti 1778 ni wọ́n ti fi í jẹ kọmíṣánnà aṣọ́bodè ní Edinburgh. Ọkùnrin tó ti ń pariwo pé kí wọ́n dín ìdènà òwò kù wá di oníbodè. Nígbà tó ka àkọsílẹ̀ àwọn ọjà tí òfin kà léèwọ̀, ó lọ yẹ àpótí aṣọ ara rẹ̀ wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan nínú aṣọ ọrùn àti áńkáṣíìfù rẹ̀ tí kì í ṣe ẹrù òfin. Ó dáná sun wọ́n, ó sì kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kí òun náà má ṣe yẹ àpótí tirẹ̀ wò. Ẹni tó bá ti ra òkìrìkà rí ní Yábàá, tó sì mọ̀ pé òfin orílẹ̀-èdè yìí kò fàyè gba kíkó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọlé, yóò mọ ohun tí Smith ń wí.

Pínnì Scotland, ìwé Ṣómólú

Orí kìíní Wealth of Nations ló ti sọ ìtàn ilé iṣẹ́ pínnì, abẹ́rẹ́ kékeré olórí roboto tí télọ̀ fi ń di aṣọ mú. Ó ní iṣẹ́ pínnì pín sí bí ọ̀nà 18: ẹnì kan ń fa wáyà, ẹlòmíràn ń nà án tọ́, ẹlòmíràn ń gé e, ẹlòmíràn ń pọ́n ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin 10 tó pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn lè ṣe ju pínnì 48,000 lọ lóòjọ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá dá ṣe é láì kọ́ iṣẹ́ náà, bóyá ni yóò lè ṣe 20.

Ẹ rin Ṣómólú wò kí ẹ rí i. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni wọ́n fi mọ àdúgbò náà jákèjádò Èkó. Ti Smith wà lábẹ́ òrùlé kan. Ní Ṣómólú, àdúgbò fúnra rẹ̀ ni ilé iṣẹ́. Ẹni tó ń to iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹni tó ń ṣe pléètì kò ta pépà. Ọlọ́jà pépà wà lọ́tọ̀, ẹni tó ni ẹ̀rọ Heidelberg wà lọ́tọ̀. Ẹlòmíràn ló ń fi ọ̀rá dídán bo èèpo ìwé, ẹlòmíràn ló ń gé e, ẹlòmíràn ló ń rán an pọ̀, alábàárù ló sì ń rù ú láti ojúlé kan dé òmíràn. Kálẹ́ńdà ìjọ, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà olóṣèlú, àpò ìpápánu, gbogbo rẹ̀ ń gba ọwọ́ èèyàn bíi mẹ́fà tàbí méje kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ fi lè gba iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, kó sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún oníbàárà láìní ẹ̀rọ kankan lórúkọ ara rẹ̀.

Títí débí, nóòtì wa bá Smith mu. Ṣùgbọ́n kí ló so èèyàn méje yẹn pọ̀? Ìwé àdéhùn kì í sábà sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni: "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, bí oníbàárà bá ti san, mo máa wá." Ẹni tó bá yẹ àdéhùn, orúkọ rẹ̀ yóò dé gbogbo ojúlé kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò gbà á mọ́. Èyí kò sí nínú ìtàn pínnì. Inú ìwé 1759 ló wà, níbi tí Smith ti ṣàlàyé pé ojú tí àwọn ẹlòmíràn fi ń wò wá ló ń kọ́ wa bí a ṣe ń wo ara wa. Ẹni tó ka ìwé kan tó fi èkejì sílẹ̀ lè sọ bí iṣẹ́ Ṣómólú ṣe pín, kò lè sọ ìdí tí kò fi tú ká.

Ìyókù ọ̀rọ̀ pínnì wà ní apá karùn-ún Wealth of Nations. Smith tó yin pípín iṣẹ́ ló tún kọ ọ́ níbẹ̀ pé ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nǹkan kékeré kan ṣoṣo, ọpọlọ rẹ̀ yóò dòkú, kò sì ní lè dá sí ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀. Ó ní àfi kí ìjọba dá sí i: kí wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí owó rẹ̀ sì kéré débi tí lébìrà yóò fi lè san án. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, àwọn tó takò ó ní owó yóò tán. Wọn kò lè fi Smith takò ó, nítorí Smith kò sí lẹ́yìn wọn.

Níbì kan, mi ò bá baba náà gbà tán. Kò fẹ́ràn kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà sọ pé ọdún méje ni, ó sì ní iṣẹ́ púpọ̀ kò gbà ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láti mọ̀. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ ìgéwèé kò gba ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń kó jọ ní Ṣómólú kí ọjọ́ fírídọ̀mù tó pé ju ẹ̀rọ lọ: ó ń mọ ẹni tó ń san owó lásìkò, ẹni tí kì í dín pépà kù, àwọn náà sì ń mọ̀ ọ́n. Orúkọ ló ń kọ́. Ọdún tí wọ́n fi ń fọṣọ ìyàwó ọ̀gá nìkan ni mo gbà pé Smith jàre.

Bí Smith ṣe di méjì, tó tún padà di ọ̀kan

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì ka ìwé méjèèjì, orí wọn dàrú. Nínú ti 1759, àánú àti ìbánikẹ́dùn ló gba iwájú. Nínú ti 1776, èrè ara ẹni. Wọ́n ní Smith yí padà ni. Àwọn kan ní ìrìn àjò rẹ̀ sí Faransé láàárín 1764 sí 1766 ló yí i lọ́kàn, pé àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ibẹ̀ ló kó èrò tuntun sí i lórí. Àríyànjiyàn yìí gbajúmọ̀ débi tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ lédè Jámánì: Das Adam Smith Problem.

Nóòtì akẹ́kọ̀ọ́ ló dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wá sí kíláàsì, ẹ gbọ́. Ní 1895, ọ̀mọ̀wé Edwin Cannan gbọ́ nípa nóòtì kan tí wọ́n kọ láti inú ẹ̀kọ́ tí Smith ń kọ́ wọn ní Glasgow kó tó lọ sí Faransé. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1896. Pípín iṣẹ́ wà níbẹ̀, pínnì wà níbẹ̀. Wọ́n tún rí nóòtì akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ní 1958. Ó hàn gbangba pé ìwà, òfin àti ọrọ̀ ajé jẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọkùnrin náà, tó ń kọ́ wọn tẹ̀ léra wọn nínú yàrá kan náà.

Láti 1976, tí Wealth of Nations pé igba ọdún, ni Yunifásítì Glasgow ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo ìwé Smith jáde lákọ̀tun, lẹ́tà rẹ̀ àti nóòtì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Àtúnkà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Donald Winch kọ̀wé lórí ìṣèlú Smith ní 1978, Knud Haakonssen kọ ti òfin àti ìdájọ́ ní 1981. Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998, kò yéé sọ pé àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti gé Smith kúrú. Ní 2022, Glory Liu gbé ìwé jáde lórí bí Amẹ́ríkà ṣe sọ Smith di wòlíì ọjà, ó sì fi hàn bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Chicago, bíi George Stigler àti Milton Friedman, ṣe kó ipa ńlá nínú Smith kékeré tó wọ inú ìwé kíláàsì.

Ọwọ́ tí a kò rí

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ọ̀rọ̀ yìí wà nínú gbogbo ohun tí Smith kọ tó kù sílẹ̀. Èkíní wà nínú àròkọ rẹ̀ lórí ìtàn ìmọ̀ ìràwọ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Níbẹ̀, ọwọ́ Jupiter ni, òrìṣà Róòmù tó ni àrá bí Ṣàngó ṣe ni ín lọ́dọ̀ wa. Èkejì wà nínú ìwé ìwà: olówó tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ, ikùn rẹ̀ kò lè gba gbogbo oúnjẹ ibẹ̀, ó di dandan kí àwọn tó ń sìn ín jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta nìkan ló wà nínú Wealth of Nations, lórí oníṣòwò tó fẹ́ kí owó òun wà nílé níbi tí ojú òun ti tó o, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ ṣe ìlú rẹ̀ lóore láìmọ̀.

Ní 2001, Emma Rothschild kọ ọ́ pé ó dà bí ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu Smith. Gbogbo ènìyàn kò gbà fún un, àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ pé òpó àárín ilé nìyẹn. Èyí tí Smith sọ léraléra ni pé kí a ṣọ́ àwọn oníṣòwò. Ó ní àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà kì í pàdé, ìbáà ṣe níbi àríyá, kí ọ̀rọ̀ wọn má já sí bí wọn yóò ṣe gbé owó ọjà lé aráàlú lórí. Ó tún ní àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń dìmọ̀lù láti má fi kún owó òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá kó ara jọ, ariwo á ta. Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ ọlọ́jà ṣe lè dá owó gààrí mọ́ ibì kan yóò mọ̀ pé ìwé náà kò tíì gbó.

Aṣọ tí ojú kò fi ní tì wá

Àpẹẹrẹ tó wúlò jù fún wa nínú Smith, lójú tèmi, ni ti ẹ̀wù ọ̀gbọ̀. Ó béèrè ohun tí kòṣeémánìí jẹ́. Ó ní àwọn ará Róòmù àti Gíríìsì àtijọ́ gbé ayé ìrọ̀rùn láìní ẹ̀wù ọ̀gbọ̀, ṣùgbọ́n ní àkókò tirẹ̀, ojú yóò ti lébìrà láti jáde síta láìwọ̀ ọ́. Nítorí náà kòṣeémánìí ni. Sen gba ibẹ̀ wọlé nígbà tó ń kọ̀wé lórí òṣì: kì í ṣe ebi nìkan, òṣì tún jẹ́ àìní ohun tí èèyàn fi ń dúró láàárín ẹgbẹ́ láìtijú.

Ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Èkó? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní fóònù tó lè gbé iṣẹ́ kíláàsì, kò sí oúnjẹ inú abọ́ rẹ̀ tó lè dí i. Ìdílé tí kò lè ra aṣọ ẹbí mọ ohun tí Smith ń sọ. Ṣùgbọ́n baba náà mọ ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú àtẹ̀jáde 1790, ó fi orí tuntun kan kún un pé bí a ṣe ń wárí fún ọlọ́rọ̀ tí a sì ń fojú pa tálákà rẹ́, òun ló ń ba ìwà wa jẹ́ jù. Ẹni tó kọ èyí kì í ṣe wòlíì owó.

Ìdí nìyẹn tó fi gbé òǹwòran kan kalẹ̀ nínú ọkàn ènìyàn, òǹwòran tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, tó ń béèrè lọ́wọ́ wa pé bí ẹlòmíràn bá ṣe ohun tí o ṣe yìí, kí lo máa sọ? Àwọn àgbà wa kò ka Smith kí wọ́n tó sọ pé bí a bá fi igi gún ọmọ ẹyẹ, ká fi gún ara wa wò. Mi ò ní ọmọlúàbí àti òǹwòran Smith jẹ́ ọ̀kan. Ti Smith ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ọmọlúàbí ní ilé, ó ní òbí, ó ní àdúgbò tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan àwa gan-an

Nígbà tí Smith ń kọ́ wọn ní Glasgow, òwò tábà ń sọ àwọn oníṣòwò ìlú náà di olówó, ẹrú ló sì ń gbin tábà náà lókè òkun. Ní etíkun tiwa, Ouidah àti Àgbádárìgì ń kó èèyàn sínú ọkọ̀. Nínú ìwé 1759, Smith kọ ọ́ pé ọlá ọkàn tó wà lára ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, ọ̀gá tó rà á kò ní ọkàn tó lè mọ bó ṣe ga tó. Ní 1776, ó ní iṣẹ́ ẹrú ló wọ́n jù lọ nígbà tí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn fẹ́ràn láti jẹ gàba. Àwọn tó ń jà fún òpin òwò ẹrú lo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, inú nóòtì akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ la ti rí i pé kò ní ìrètí púpọ̀ pé oko ẹrú yóò dópin, pàápàá níbi tí àwọn tó ń ṣòfin ti jẹ́ àwọn tó ni ẹrú. Ní 2018, Yunifásítì Glasgow gbé ìròyìn jáde pé òun jẹ nínú owó tó ti ọwọ́ ẹrú wá. Ní 2019, wọ́n bá Yunifásítì West Indies ṣe àdéhùn 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Àtúnkà tòótọ́ kì í fọ ènìyàn mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń fi Smith sí àárín ìlú rẹ̀, pẹ̀lú owó tó ń yí i ká.

Díẹ̀díẹ̀

Oṣù Kẹfà 2023 ni Smith pé 300 ọdún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní Scotland, bẹ́ẹ̀ ni owó ọkọ̀ láti Ọbaníkòró ń gòkè lójú wa. Ká sọ òótọ́: Smith kì í ṣe ọ̀rẹ́ owó ìrànwọ́. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san lórí ọkà tó ń lọ sókè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lórí yíyọ ìdènà kúrò lórí ọjà tó ń wọlé, ó ní níbi tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bá rọ̀ mọ́ ètò àtijọ́, àánú ọmọnìyàn lè béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí ẹni tí ètò náà ń bọ́ lè pàdánù oúnjẹ rẹ̀ lójijì. Orí owó bodè ló ti sọ ọ́, kì í ṣe orí bẹntiróòlù. Ìlànà náà ló yẹ kí ẹni tó ń fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí kà dé.

Ó tún kìlọ̀ ní 1790 nípa olóṣèlú tí ètò ara rẹ̀ dùn mọ́ débi tó fi ń to àwọn aráàlú bí ẹni ń to ọmọ ayò, tó gbàgbé pé ọmọ ayò yìí ní ọkàn tirẹ̀, ó sì ní ibi tó ń lọ. Ìkìlọ̀ yẹn kan ẹni tó fi ọlọ́pàá dé owó ọjà mọ́lẹ̀. Ó kan ẹni tó yọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú.

Ẹ wo Ṣómólú lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú pépà ibẹ̀ ti ń wá. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ pépà sílẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Oku-Iboku àti ní Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọn kò fìgbà kan bọ́ àìní pépà orílẹ̀-èdè yìí tán. Nígbà tí náírà já, pépà wọ́n, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, àwọn èèyàn méje tí mo kà lẹ́ẹ̀kan sì gbé e sún ara wọn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di ìwé àṣekágbá rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọjà ṣiṣẹ́ bí nóòtì ṣe wí, ojú sì pọ́n gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde tí ẹ ń gbani síṣẹ́, ìwé méjèèjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi ọwọ́ tí a kò rí pa yín lẹ́nu mọ́, ẹ bi í léèrè ìwé tí ó kà. Bó bá dárúkọ ẹyọ kan, ẹ ní kó lọ ka èkejì wá.